Ìkòkò Àgbo Bàbá Tí A Kì í Jẹ́ Kó Gbẹ

Màámi, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìtọ́jú Bàbá, ẹ kú àmúmọ́ra ọdún tó le koko yìí. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Àkúrẹ́. Mo kí Bàbá, tíṣà àgbà, tí wọ́n kọ́ mi ní a, b, d kí n tó mọ ọ̀nà ilé-ìwé. Mo kí Dàmọ́lá àbúrò mi, mo sì ń retí pé ó ti kan ìlẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé tó ní òun máa kàn láti ìgbà ọyẹ́. Mo kí àwọn ìyá ìjọ tí wọ́n ń yà nílé wa lẹ́yìn ìsìn láti béèrè ara Bàbá.

Ẹ má bínú pé ojú ọ̀pọ̀ ènìyàn ni lẹ́tà yìí máa gbà kọjá kó tó dé ọ̀dọ̀ yín. Mo ti tọrọ ààyè lórí fóònù, ẹ sì ní kí n kọ ọ́ bí mo bá fẹ́, kí n ṣáà má dárúkọ yín. N kò dárúkọ yín. Màámi ni mo pè yín, àwọn tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀ ní Oǹdó kò lóǹkà. Ìdí tí mo fi fẹ́ kí ẹlòmíràn kà á ni pé irú ìkòkò tó wà lórí ààrò wa ń bẹ lórí ààrò ilé púpọ̀ láti ìgbà tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru ti wọ́n kọjá ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ fẹ̀yìntì. Àti pé nǹkan kan wà tí n kò lè sọ tán fún yín lórí fóònù. Bí mo bá ti bẹ̀rẹ̀ báyìí, ẹ ó ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa.

Ẹ máa ń bi mí pé iṣẹ́ wo gan-an ni mò ń ṣe. Mo máa ń ní ìgò ni mò ń fọ̀. Ẹ ó rẹ́rìn-ín, ẹ ó ní ẹ ò mọ̀ pé ọmọ ní láti ka ìwé mẹ́wàá kó tó lè fọ ìgò ní Àkúrẹ́. Òótọ́ ni, ìgò ni. Ilé-ẹ̀kọ́ gíga kan ló ni láàbù náà. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń yẹ ewé àti egbò wò láti mọ ohun tó wà nínú wọn tó ń ṣiṣẹ́ lára. Èmi ni mò ń fọ ìgò, mò ń gbálẹ̀, mò ń pọn omi nígbà tí ẹ̀rọ omi bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n ìgò ibẹ̀ kì í ṣe ìgò tí à ń fi kànìnkànìn fọ̀. Bí òórùn ọṣẹ bá kù sínú rẹ̀, ẹ̀rọ á mọ̀. Bí mo bá fi ìka tí mo fi jẹ àkàrà kan ẹnu rẹ̀, ẹ̀rọ á sọ pé epo wà níbẹ̀. N kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, iṣẹ́ náà sì bá mi mu. Mò ń fọ̀, mò ń wò.

Nígbà tí mo kọ́kọ́ dé ibẹ̀, ọ̀nà àtijọ́ ni wọ́n fi ń yọ ohun tó wà nínú egbò. Wọ́n á da kẹ́míkà olóòórùn sí i, ìgò kan lẹ́yìn òmíràn, wọ́n á mì ín títí, wọ́n á sì gbé e kaná kí kẹ́míkà náà lè fẹ́ lọ. Orí máa ń fọ́ gbogbo wa tó bá di ìrọ̀lẹ́. Lẹ́yìn náà ni ọjà gbówó lórí, àwọn tó ń kó kẹ́míkà wá láti Èkó kò wá mọ́. Iná kò dúró, jẹnẹrétọ̀ sì ń mu epo bí ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ. Ìgbà kan wà tó jẹ́ pé kí n ṣílẹ̀kùn, kí n nu eruku orí tábìlì, kí n tún tì í, iṣẹ́ mi ò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ti ń rò ó pé wọ́n á ní kí n máa lọ sílé.

Ọ̀wọ́n yẹn ló mú kí Ọ̀gá wa obìnrin, tí gbogbo wa ń pè ní Dókítà, lọ kọ́ ọ̀nà mìíràn. Wọ́n mú ọ̀pá kan dé tó dà bí òwú funfun, tó tín-ín-rín bí ìgbálẹ̀. Inú rẹ̀ ní ihò, bíi ti ọ̀pá tí ọmọdé fi ń fa ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ara rẹ̀ náà sì kún fún ihò tí ojú ò lè rí. Wọ́n á bu àgbo díẹ̀ sínú ìgò kékeré, wọ́n á kán nǹkan tó dà bí omi eérú sí i. Wọ́n á ti ọ̀pá náà bọ kẹ́míkà, kó mu díẹ̀ sára, wọ́n á wá fi abẹ́rẹ́ fi omi kíkan sínú ihò rẹ̀, ìwọ̀n tí kò tó omijé kan. Wọ́n á gbé e kọ́ sínú àgbo, irin kékeré kan á sì máa yí nísàlẹ̀ ìgò láti rò ó. A ó fi í sílẹ̀ tó ìgbà tí ìrẹsì fi ń jinná. Ohun tí à ń wá á gba ara ọ̀pá náà wọlé. Àwọ̀, ẹrẹ̀, ìyẹ̀fun igi, á dúró síta. Bí wọ́n bá fà á jáde, àgbo inú ìgò ṣì dúdú bíi kọfí, ṣùgbọ́n ẹ̀kán omi inú ọ̀pá mọ́ bí ìrì.

Ẹ̀kán yẹn ni wọ́n á fún ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ á ya ohun inú rẹ̀ sọ́tọ̀ọ̀tọ̀, á sì ya òkè sójú kọ̀ǹpútà: òkè kékeré bí ohun náà bá kéré, òkè ńlá bó bá pọ̀. Kẹ́míkà tí à ń lò tán kí ọ̀sán tó pọ́n tẹ́lẹ̀, a ti wá ń fi ṣe iṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Mo fẹ́ràn ẹ̀kán yẹn. Mo máa ń dúró wò ó bí wọ́n bá ń fà á jáde. Mo máa ń rò ó pé bí nǹkan bá rọ̀ṣọ̀mù ni, a kì bá tí mọ̀ láéláé pé ìwọ̀nba tó báyìí tó.

Yàrá mi wà lójú ọ̀nà Ọ̀dà. Màmá onílé wa, ọmọ Ìjarè, ni mò ń bá sọ̀rọ̀ bí mo bá ti ibi iṣẹ́ dé. Wọ́n ń pe ilé ní ulé, wọ́n ń pe iṣu ní usu, síbẹ̀ wọ́n ní èdè Oǹdó tiwa ni kò yé àwọn, pé bí a bá ń kí ara wa, ó dà bíi pé à ń jà. Wọ́n ń fún mi ní iṣu wọn jẹ. Ṣùgbọ́n ọjọ́ Àìkú máa ń gùn. Lẹ́yìn ìsìn, kò sí ẹni tí mo fẹ́ yà kí. N ó fọ aṣọ, n ó sá a, n ó jókòó tì í títí á fi gbẹ. Ìgbà tí mo bá gbọ́ ohùn yín ni ọjọ́ náà tó di ọjọ́.

Tẹ́lẹ̀, bí mo bá ti pè, Bàbá ló máa ń gba fóònù lọ́wọ́ yín. Wọ́n á bi mí ní ohun tí ìròyìn sọ, wọ́n á tún gẹ̀ẹ́sì mi ṣe. Gbogbo àdúgbò ló mọ̀ pé Bàbá ń bá rédíò jà láàárọ̀. Wọ́n á ní irọ́ ni. Wọ́n á ní ta ló kọ́ ọ ní gírámà. Wọ́n á ní kí ló dé tí kò sọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì. Ẹ̀yin á ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ kó rí ìròyìn rẹ̀ kà. Nígbà tó yá, ìjà yẹn dákẹ́. Bí mo bá pè, Bàbá á ní ó dáa, wọ́n á sì dá fóònù padà fún yín. Ẹ ní wọ́n ń sùn lórí àga láti àárọ̀. Ẹ ní wọ́n ní kí ni àwọn tún ń dúró dè láyé. Ẹ̀yin ní owó ìfẹ̀yìntì tí kò wọlé ló fà á. Alùfáà ìjọ ní ká túbọ̀ gbàdúrà. Dàmọ́lá ní ilé ló dá jù. Èmi ní tèmi rò pé wọ́n ń bínú sí mi ni, pé ọmọ tíṣà wá di ẹni tó ń fọ ìgò káàkiri. N kò béèrè. Ẹ mọ̀ mí.

Nígbà tí ọ̀nà tuntun yìí bẹ̀rẹ̀, Dókítà ní kí oníkálukú mú àgbo wá láti ilé, kí àwọn fi dán ọ̀pá náà wò. Mo pè yín. Inú yín dùn débi pé nẹ́tíwọ̀kì dára fún odindi wákàtí kan. Ẹ ní àgbo yín ń lọ sí yunifásítì. Ẹ bu ìgò kan nínú ìkòkò egbò asofẹ́yẹjẹ tí Bàbá ń mu fún ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ fi rán awakọ̀ Àkúrẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀. Oòrùn pa á lójú ọ̀nà, ìdérí fò, ìdajì rẹ̀ dà sára ẹrù ẹni ẹlẹ́ni. Ẹ gbọ́, ẹ bú awakọ̀ náà dáadáa, ẹ sì bu òmíràn ránṣẹ́ lópin ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà. Bẹ́ẹ̀ ni ìgò méjì ṣe dé ọwọ́ mi láti inú ìkòkò kan.

Inú Dókítà dùn sí i. Wọ́n ní ìbejì nìyẹn, pé bí ọ̀nà tuntun bá dára, òkè méjèèjì á dọ́gba. Bùọ̀dá Ṣọlá, tí wọ́n ń darí ẹ̀rọ, kọ́kọ́ fún ẹ̀rọ ní ògidì èròjà tí à ń wá, kí ẹ̀rọ lè dá a mọ̀. Rẹsápíìnì ni wọ́n ń pè é. Wọ́n ní nígbà kan, òun gan-an ni wọ́n ń kó sínú hóró oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru. Ìgò àkọ́kọ́ ya òkè tó mọ níwọ̀n. Ìgò kejì ya òkè tó ń lọ sókè títí orí rẹ̀ fi jáde kúrò lójú kọ̀ǹpútà.

Bùọ̀dá Ṣọlá ní àgbo ìyá mi ti gun Òkè Ìdànrè láìsan owó àbáwọlé. Wọ́n ní kí n jẹ́wọ́, ìkòkò méjì ni. Mo ní ìkòkò kan ni. Wọ́n ní a jẹ́ pé ìgò tí mo fọ̀ ni kò mọ́. Mo gbé ìgò mìíràn tí mo fọ̀ lọ́jọ́ kan náà fún wọn, mo ní kí wọ́n fi omi lásán sí i kí wọ́n wò ó. Wọ́n wò ó, ẹ̀rọ ò rí nǹkan kan. Wọ́n ní ó lè jẹ́ ọ̀pá ló ní àlèébù. Wọ́n pààrọ̀ ọ̀pá, wọ́n tún méjèèjì ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀. Òkè kékeré ṣì kéré, Òkè Ìdànrè ṣì wà níbi tó wà.

Dókítà wá ní kí n jókòó, kí n sọ bí ẹ ṣe ń sè é. Mo rò pé ẹjọ́ ni, ilẹ̀ ni mò ń wò. Mo sọ fún wọn pé nílé wa, a kì í jẹ́ kí ìkòkò aláìsàn gbẹ. Bí a bá bu díẹ̀ mu, a ó bu omi díẹ̀ kún un. Egbò àtijọ́ kì í jáde, inú ìkòkò ni egbò tuntun ti ń bá a. Mo ní ẹ̀yin kò fẹ́ kí ìkòkò gbẹ nígbà tí ẹni tó ni ín ṣì ń bẹ lórí àga, pé bí ẹni tó ti sọ̀rètí nù ló máa rí lójú yín. Wọ́n ní ṣé bẹ́ẹ̀ náà ni ẹ ṣe ń sè é látilẹ̀? Mo ní látilẹ̀, orí sítóòfù ni, á hó, ẹ ó sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìgbà tí kẹrosíìnì ti di góòlù, ẹyín iná oúnjẹ alẹ́ ni ẹ ń gbé e lé, kí ẹyín iná má baà ṣòfò, á sì máa hó wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ níbẹ̀ títí iná á fi kú. Ọjọ́ Ajé ni ẹ máa ń bomi kún un dáadáa. Kó tó di Sátidé, ó ti ki.

Wọ́n ní ṣé ẹ máa ń fi kún ìwọ̀n tí Bàbá ń mu ni? Mo ní rárá. Ife irin aláwọ̀ búlúù kan náà ni, dé ibi ilà rẹ̀, kì í lé, kì í dín. Màámi, n kò tí ì rí ẹni tó ń wọn nǹkan tó yín. Dókítà mi orí. Wọ́n ní ife kan náà ni lóòótọ́, ohun inú rẹ̀ ni kì í ṣe ọ̀kan náà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n béèrè ohun tí n kò retí. Wọ́n ní ṣé imú Bàbá máa ń dí? N kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ imú Bàbá rí níbí. Ẹ rántí pé ọyẹ́ la dá lẹ́bi fún un. Ọyẹ́ lọ, òjò dé, àgbàdo yọ irùkẹ̀rẹ̀, Bàbá ṣì ń fi ẹnu mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ṣé wọ́n ń sùn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ọ̀rọ̀ sísọ ńkọ́? Ti rédíò ni mo sọ fún wọn. Bùọ̀dá Ṣọlá, tí wọ́n ti ń ṣe ẹ̀fẹ̀ láti àárọ̀, dìde lọ dúró lójú fèrèsé.

Dókítà fara balẹ̀ ṣàlàyé. Wọ́n ní èròjà yẹn ń rọ ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n bó bá pọ̀ lára, á rọ ẹni náà wálẹ̀ pẹ̀lú. Imú á dí, ọkàn á máa lù jẹ́jẹ́, oorun á pọ̀, ìbànújẹ́ á sì gorí ènìyàn láìnídìí, débi pé ayé á sú u. Wọ́n ní ìdí nìyẹn tí àwọn dókítà kì í fi fẹ́ lò ó mọ́. Wọ́n ní àwọn ò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun ló ń ṣe Bàbá, nítorí dókítà ewé ni àwọn, àwọn kì í ṣe dókítà ènìyàn. Wọ́n tẹ àwòrán òkè méjèèjì sórí ìwé kan, wọ́n ní kí n mú un lọ sílé, kí ẹ gbé Bàbá lọ sí ọsibítù, kí ẹ má sì fi ọ̀rọ̀ àgbo pamọ́ níbẹ̀.

N kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá ẹni. Mo pè yín, mo sọ ọ́ bí wọ́n ṣe sọ ọ́ fún mi. Ẹ wá bi mí pé ṣé májèlé ni ẹ ti ń fún ọkọ yín, ṣé ohun tí mo wá kọ́ ní Àkúrẹ́ nìyẹn. Fóònù sì kú. Dàmọ́lá ló sọ fún mi pé ẹ gbé àpótí sẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò, ẹ ń wo inú ìkòkò, pé nígbà tí òun ní kí ẹ wá jẹun, ẹ ní kí òun máa jẹ tòun.

Mo wọ mọ́tò wá sí Oǹdó ní Sátidé. Òjò ń rọ̀ láti Ọ̀wẹ̀nà títí a fi wọlé. Mo ti to ọ̀rọ̀ sẹ́nu lójú ọ̀nà, ẹ ò sì jẹ́ kí n sọ ọ̀kan nínú rẹ̀. Ẹ gbé ẹ̀bà síwájú mi, ẹ ní mo ti rù, ẹ ní ṣé wọn kì í jẹun ní Àkúrẹ́ ni. Nígbà tí mo jẹun tán, ẹ ní kí n mú ìwé náà wá. Ẹ wo òkè kékeré, ẹ wo òkè ńlá. Ẹ fi ìka tọ òkè ńlá náà lọ sókè títí ìka yín fi kúrò nínú ìwé. Ẹ ní èyí ni ti òpin ọ̀sẹ̀? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ ká ìwé náà, ẹ ní ó di ọsibítù lọ́jọ́ Ajé.

Gbogbo wa la mọ bí a ṣe ń ṣe ní ọsibítù. Bí dókítà bá béèrè ohun tí à ń lò nílé, a ó ní a ò lo nǹkan kan. Kì í ṣe pé a fẹ́ purọ́, a ò fẹ́ kí wọ́n bú wa ni. Mo jókòó lẹ́yìn yín. Nọ́ọ̀sì ti wọn ẹ̀jẹ̀ Bàbá, ó tún un wọ̀n, ó ní ó ti lọ sílẹ̀ jù, ọkàn náà sì ń lù bí ẹni tó rẹ̀. Dókítà tó wà níbẹ̀ béèrè ìbéèrè yẹn. Bàbá ní àwọn ò lo nǹkan kan. Ẹ̀yin ní wọ́n ń lo nǹkan. Ẹ ṣí báàgì yín, ẹ yọ ìgò àgbo jáde, ẹ gbé e sórí tábìlì, ẹ tẹ́ ìwé òkè méjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ ní ẹ̀yin lẹ sè é, ẹ̀yin lẹ ń bù ú fún wọn. Dókítà náà kò bú yín. Wọ́n ní ẹ ṣeun, pé ọ̀pọ̀ ló ń fi í sílẹ̀ sílé, tí àwọn á sì máa méfò.

Màámi, mo ti rí yín tí ẹ ru igi, mo ti rí yín tí ẹ gbé àpò gàrí. N kò tí ì rí i kí ẹ gbé ohun tó wúwo tó ìgò yẹn.

Wọ́n ní kí àgbo náà dáwọ́ dúró, kí ẹ máa mú Bàbá wá wọn ẹ̀jẹ̀ lọ́sẹ̀ọ̀sẹ̀, pé bí ẹ̀jẹ̀ bá tún ń gòkè, àwọn á fún wọn ní oògùn tí kò ní sọ wọ́n di ẹlòmíràn. Wọ́n ní ohun tó ti wọ ara kò ní jáde lọ́jọ́ kan, kí ẹ ní sùúrù.

Sùúrù yẹn ni lẹ́tà yìí dá lé. Ẹ má bínú sí Dàmọ́lá, òun ló sọ fún mi pé ìkòkò ti padà sórí ààrò. Ó ní kò sí egbò nínú rẹ̀, omi lásán ni ẹ ń gbé kaná. Ó ní ẹ ní Bàbá ò tí ì yàtọ̀, pé ẹ̀jẹ̀ tún ti ń gòkè díẹ̀, pé oògùn tí dókítà kọ sílẹ̀ ti wọ́n jù, egbò sì ń bẹ lóko lọ́fẹ̀ẹ́. Mo mọ̀ pé láti orí omi lásán dé orí egbò kò jìnnà.

Mo ti bá yín bi Dókítà wa ní láàbù pé ṣé a ò lè máa sè é níwọ̀nba. Wọ́n ní ìwọ̀nba wo? Wọ́n fi òkè egbò asofẹ́yẹjẹ tí wọ́n wú ní Ìta-Ògbólú hàn mí, wọ́n fi ti ibòmíràn hàn mí, wọn ò dọ́gba. Ti ìgbà òjò ò dọ́gba pẹ̀lú ti ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ife yín á dúró lójú ilà rẹ̀, egbò ò ní dúró. Kò sí ojú tó lè rí i, ahọ́n ò lè tọ́ ọ wò. Ní láàbù, ẹ̀rọ ló ń bá wa rí i. Nílé, a ò ní ẹ̀rọ, ara Bàbá la fi ń ṣe ẹ̀rọ.

Àgbo yín kò parọ́, Màámi. Kí ẹ fi èyí sọ́kàn. Ẹ̀jẹ̀ Bàbá ti ga tẹ́lẹ̀ débi tó lè rọ wọ́n lápá àti lẹ́sẹ̀, àgbo yín ló mú un wálẹ̀ nígbà tí kò sí oògùn. Bí kò bá lágbára ni, kì bá tí ṣe wọ́n ní nǹkan kan, rere tàbí burúkú. Nítorí pé ó lágbára ni mo ṣe ń bẹ̀ yín. Ní ti oògùn, n ó máa rà á ránṣẹ́ láti ibí bí agbára mi bá ṣe mọ. Bó bá ju agbára mi lọ, ẹ sọ fún dókítà pé kò sówó, kí wọ́n wá èyí tó rọjú. Ẹ ti sọ ohun tó le ju ìyẹn lọ fún wọn.

Ó ku nǹkan kan. Àárọ̀ àná tí ẹ pè mí nítorí gàrí tí ẹ fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹ ń sọ irú àpò tí ẹ dì í sí, ẹ ń sọ pé kí n dúró de awakọ̀ kó má baà gbé e lọ. Mò ń gbọ́ rédíò lẹ́yìn yín, wọ́n ń ka ìròyìn. Ohùn kan wá láti orí àga, kò le, bíi ti ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí. Ó ní irọ́ ni. Akàròyìn ń bá tirẹ̀ lọ. Ohùn náà ní ta ló kọ́ ọ ní gírámà. Ẹ kò ní kí wọ́n fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ẹ kò sọ fún mi pé ẹ gbọ́ ọ, èmi náà ò sọ fún yín pé mo gbọ́ ọ. Ẹ kàn ní gàrí náà kúnná, ó máa dára fún mímu. Èmi ni mo ní nẹ́tíwọ̀kì ò dáa. Mo pa fóònù, mo jókòó ti àwọn ìgò tí n kò tí ì fọ̀.

Ẹ sọ ìkòkò náà kalẹ̀, Màámi. Ẹ má fọ́ ọ, ẹ kàn da omi rẹ̀ nù, kí ẹ dojú rẹ̀ dé síta kí oòrùn pa á. Ẹ jẹ́ kó gbẹ. Bàbá ṣì ń bẹ lórí àga.

Kí Ọlọ́run tó fi yín jíǹkí wa má jẹ́ kí ọwọ́ yín rẹ̀. Kí Ó jẹ́ kí ẹ jẹ èrè Dàmọ́lá, kí ẹ jẹ èrè tèmi náà. Ẹ bá mi kí àwọn ìyá ìjọ, kí ẹ sì ka lẹ́tà yìí sí wọn létí bí ojú kò bá tì yín, nítorí àwọn kan nínú wọn ní ìkòkò. Màmá onílé mi ní kí n kí yín, wọ́n ní ẹ kú ulé o. Ẹ kí Bàbá dáadáa. Ẹ sọ fún wọn pé mo yẹ lẹ́tà yìí wò kí n tó fi í sílẹ̀, ṣùgbọ́n bí àṣìṣe bá kù níbẹ̀, kí wọ́n fi bírò pupa fàlà sí i, kí ẹ fi rán awakọ̀ Àkúrẹ́ sí mi. Mò ń retí rẹ̀.

Èmi ni, ọmọ yín tó ń fọ ìgò.